Ọjọ́ Tí Ilé Bọ́ọ̀lù Dákẹ́

Ẹ bá mi kí Ọlọ́run tó ni èémí! Ẹ kí I dáadáa, ẹ má kí I bí ẹni tí ebi ń pa! Halelúyà!

Èmi ni Ìyá Délé, aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Okókomáìkò. Orí iyanrìn ní Ìbà ni Délé ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀, ìlú òyìnbó ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun báyìí. Iwájú ló ń gbá, góòlù ò sì wọ́n lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í wò ó. Àyà mi ò gbà á. Ìdí máṣíìnì mi ni mo máa ń wà. Bí àwọn èrò ibẹ̀ bá ti pariwo "Délé!", màá ní "Jésù, o ṣeun," màá sì máa ránṣọ mi lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n pariwo. Àfi bí kẹ́kẹ́ ṣe pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Ẹ̀yin ará, mo mọ̀! Mo sáré jáde. Ẹni tó ni ilé bọ́ọ̀lù náà dì mí mú lẹ́nu ọ̀nà: "Màámi, ẹ má wọlé. Délé ṣubú ni o, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

Ọjọ́ kejì ló tó lè pè mí láti ọsibítù. Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa. Ó ní, "Màámi, dókítà ń béèrè bóyá ẹnì kan ti ṣubú kú lójijì rí nínú ẹbí wa. Mo ní kò sí, pé ibà ló pa bàbá mi."

Ibà kọ́! Orí pápá bọ́ọ̀lù ni ọkọ mi ṣubú sí, Délé ò tíì máa rìn nígbà yẹn. Ẹbí ló ní ká pè é níbà, torí òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í sì í sọ ọ́ létí ọmọ. Mo pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Àjàngbàdì. Wọ́n ní, "Ìyàwó, má lanu sọ ọ́ o! Ṣé o fẹ́ kó tẹ̀ lé bàbá ẹ̀ ni?"

Ha! Bí mo bá sọ ọ́ ńkọ́? Bí n ò bá sọ ọ́ ńkọ́? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ọmọ mi ni." Mo pe Délé padà, mo sì sọ gbogbo ẹ̀ fún un.

Dókítà ní, "Ohun tá à ń wá gan-an nìyẹn! Ó jogún àìsàn ọkàn ni. Ká ní ó padà sórí pápá bẹ́ẹ̀, ì bá tún ṣubú, ó sì lè má dìde." Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sí i láyà, tó ń ṣọ́ ọkàn rẹ̀. Mo bi wọ́n nípa bọ́ọ̀lù, wọ́n ní àwọn ò tíì mọ̀. Oṣù ń gorí oṣù. Mo gbààwẹ̀ títí aṣọ fi tóbi jù mí. Ìgbà tó yá, wọ́n ní ó lè padà máa gbá bọ́ọ̀lù.

Ní Sátidé tó kọjá, mo jókòó sídìí máṣíìnì. Ilé bọ́ọ̀lù dákẹ́ rọ́rọ́. Abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́, n ò mọ̀ ọ́n lára. Jésù, má jẹ́ kó ṣubú o. Ni wọ́n bá bú sáriwo: "DÉLÉ!" Mo kúnlẹ̀ sáàárín àkísà, mo sunkún.

Ẹ wo ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí wọ́n jókòó síbẹ̀ yẹn. Àwọn náà ti lọ jẹ́ kí dókítà yẹ ọkàn wọn wò! Ìwọ tí ẹbí ní kó o bo nǹkan mọ́lẹ̀, tí ọmọ rẹ wà lórí ibùsùn, Ọlọ́run tó là mí lẹ́nu á là ọ́ lẹ́nu. Jésù, o ṣeun! Mo tún dúpẹ́!

Délé tún wọ pápá lónìí. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, n ò ní purọ́. Ẹ bá mi pariwo ìyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ilé yìí dákẹ́.