Ọwọ́ Ọ̀tún Tí Mo Nà Sí Àgbà

Ẹ bá mi yin Olúwa, ará! Ẹ yìn ín dáadáa, torí ọwọ́ ọ̀tún tí mo fi di máìkì yìí mú, ó ti kú rí. Pásítọ̀ wa, ẹ dákun, ẹ má wo aago.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, apartment kan ní Brays Oaks, ní Houston níbí, ni mò ń gbé. Mo kun irun ní yẹ́lò, mo lu etí. Mo ti búra pé mi ò ní dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́, Amẹ́ríkà la wà. Nígbà tí Bọ́lá, ìyàwó mi yìí, mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá ẹ̀ ní Sugar Land, ọwọ́ ni mo nà sí wọn. Bàbá wo ọwọ́ náà bí ẹja tó jẹrà.

"Ṣé ẹ̀yìn ẹ ò ṣeé tẹ̀ ni? Má padà wá síbí mọ́!"

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, lọ́sàn-án gangan, mo gbé aṣọ lọ sí laundry apartment wa. Gbogbo ẹ̀rọ ló ń yí, kò sí aṣọ kankan nínú wọn. Bàbá arúgbó kan dá jókòó, wọ́n dé fìlà aláwọ̀ ewé, àpá wà lágbọ̀n wọn. Mi ò mọ̀ wọ́n rí, ṣùgbọ́n wọ́n pe orúkọ mi: "Káyọ̀dé." Mo na ọwọ́. "What's up, old man?"

Wọ́n gbà á. Yéè! Ó tutù ju inú fíríìsà lọ.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ó ti di tèmi."

Gbogbo ẹ̀rọ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Kí n tó ṣẹ́jú, àga ti ṣófo.

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ mi kú. Tí mo bá fi di ife tíì mú, yìnyín ni màá mu. Ẹ má rẹ́rìn-ín, Bọ́lá ló jókòó yẹn, ẹ bi í! Ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń wà, mi ò lè wà á mọ́. Dókítà ní òun ò rí nǹkan kan.

Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Màmá tó ń darí àdúrà níjọ wa gbọ́ mi tán, wọ́n pòṣé.

"Ọwọ́ kọ́ ló ń ṣe ẹ́, agídí ni. Lọ dọ̀bálẹ̀ níbi tó o ti kọ̀ ọ́."

Mo lọ. Oòrùn Houston ti yan sìmẹ́ńtì iwájú ilé bàbá Bọ́lá. Mo na gbọọrọ lé e, mo ń pe Jésù. Bàbá sáré jáde.

"Dìde, ìwọ ọmọ yìí, sìmẹ́ńtì á bó ẹ lára!"

"Ẹ jẹ́ ó bó mi, sà!"

Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ta mí bí iná. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín: ó ti jí! Bí wọ́n ṣe fún mi ní Bọ́lá nìyẹn. Mo gé irun yẹ́lò, mo yọ yẹtí, mo padà sídìí ọkọ̀, a bí mẹ́ta, a ra ilé sí Katy.

Ó ku kinní kan. Lọ́dún tó kọjá, mo já bọ́ lórí àkàbà, mo fi àgbọ̀n gbálẹ̀. Nígbà tó jinná, àpá kù síbẹ̀, àbíkẹ́yìn mi sì ra fìlà fún mi, aláwọ̀ ewé. Mo dé e, mo wo dígí. Ará, mo mọ bàbá tó wà níbẹ̀: inú laundry ni mo ti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹ bá wá kí mi lẹ́yìn ìsìn, tí ẹ rí i pé mo ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò, kì í ṣe ìgbéraga. Ẹ ṣáà dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀. Láti ìjẹta ló ti tún ń tutù.

Ògo ni fún Ọlọ́run tó dá mi sí! Ẹ dìde, ẹ bá mi jó. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fà mí lọ́wọ́.