Iṣẹ́ Tí Kò Ní Bá Mi Wọ Sàréè

Inú kẹ̀kẹ́ tó ń ti D-Line lọ sí Mgbuoba ni mo wà tí tọkọtaya aránṣọ kan wọlé jókòó tì mí, wọ́n ń bọ̀ láti ọ́fíìsì lọ́yà tó fẹ́ bá wọn forúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

Ìyàwó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá Risi, lọ́yà ní ẹ lè fi orúkọ yín nìkan sílẹ̀, kò ní pẹ́ rárá. Kí lẹ fẹ́ fi kọ́ńpìnì ṣe? Ṣebí ẹ̀rọ mẹ́rin péré la ní, pẹ̀lú tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà."

"Bó bá jẹ́ orúkọ mi nìkan, èmi ni mo ni ẹ̀rọ yẹn. Ọjọ́ tí mo bá kú, àwọn ará ilé wa á wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á pín in bí ogún."

"Ọlọ́run má jẹ́. Abẹ̀g, ẹ fi ọ̀rọ̀ ikú sílẹ̀."

"Gbọ́ ná. Bó bá jẹ́ kọ́ńpìnì, kọ́ńpìnì ló ni ẹ̀rọ, kì í ṣe èmi. Ìwọ á ní ìdajì, èmi á ní ìdajì. Iṣẹ́ tí kò ní bá mi wọ sàréè ni mo fẹ́."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ iye yáàdì tí aṣọ máa gbà.

Ìyàwó fi etí ìborùn nu ojú. "Bá a bá ti jọ ni ín, ẹ ò ní lè lé mi nídìí ẹ̀rọ tuntun yẹn mọ́."

Ọkọ rẹ̀ ń wo títì. "Mo mọ̀. Ìyẹn nìkan ni mo ṣì ń rò."