Àga Onítáyà Tí Mo Gbé Ìyá Wa Sí

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ìyàwó mi, fi àwo yẹn sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ pa fóònù yín. Àbúrò mi, mo mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà lo fẹ́ dúró sí kí o lè tètè máa lọ, ṣùgbọ́n wá jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ìwọ lo ni ín jù. Ìyá wa wà nínú yàrá lọ́hùn-ún. Wọn ò lè sọ̀rọ̀, àmọ́ etí wọn ń gbọ́. Láti ọjọ́ tí àìsàn ti dá wọn dùbúlẹ̀ ni mo ti ń purọ́ fún yín. Lónìí, mo fẹ́ sọ bó ṣe rí, bí mo bá tiẹ̀ mọ bó ṣe rí, torí ọ̀rọ̀ náà ti dà rú mọ́ mi lójú.

Gbogbo yín mọ̀ pé mi kì í gbàgbé ọ̀rọ̀. Ìwé mẹ́rin ni mo kà tí mo fi kúrò nílé ẹ̀kọ́ lọ kọ́ṣẹ́ àga tìmùtìmù. Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi yìí, òun tó kàwé di tíṣà, gba ìwé kan lọ́wọ́ mi lójú àwọn àna mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín kà á kí ilẹ̀ tó ṣú." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bóyá àwàdà ni. Láti ọjọ́ náà, mi ò mu omi nílé rẹ̀ mọ́. Nígbà tó wá ní òun fẹ́ kó àwọn ọmọ mi lọ sí ọgbà ìṣeré ńlá, níbi tí kẹ̀kẹ́ onírin ràgàjì ti ń gbé èèyàn yí lókè, mo ní kò ní rí bẹ́ẹ̀, èmi bàbá wọn ni màá kó wọn lọ. Owó ọwọ́ mi kò sì tó.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọgbọ́n. A máa se oúnjẹ dání láti ilé. A máa wọ bọ́ọ̀sì dípò ká háyà mọ́tò. Síbẹ̀ kò tó. Ìgbà náà ni oníbàárà kan gbé àga onítáyà, irú èyí tí wọ́n fi ń ti aláìlera, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n pààrọ̀ tìmùtìmù rẹ̀. Mo sì ti gbọ́ pé ní ọgbà náà, ẹni tó bá wà nínú irú àga bẹ́ẹ̀ àti ẹni tó ń tì í, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọlé. Mo sọ fún ìyá wa. Mo rò pé wọ́n á bú mi. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. "Èmi tí mo ṣì ń gbé omi gun àtẹ̀gùn! Kí n máa kérora ni, àbí kí n kàn panu mọ́?" Mo ní, "Màmá, ẹ ṣáà jókòó."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, àbúrò mi pè wọ́n lórí fóònù. Kò mọ nǹkan kan nípa àga. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí Màmá ní ló ń kó o lọ́kàn sókè. "Màmá, oòrùn ibẹ̀ ò dáa fún yín! Ẹ má lọ!" Ohùn rẹ̀ le débi pé gbogbo wa ń gbọ́ ọ. Ìyá wa ní, "Tíṣà, èmi ni mo bí ọ o, ìwọ kọ́ lo bí mi," wọ́n sì pa fóònù. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n pa á. Àbúrò mi, o ò rí wọn, èmi ni mo rí wọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin ẹnu géètì kí wọn pé, "Ẹ kú ìnira o, Màmá." Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ wọ̀nyí ti kọ̀ mí sílẹ̀, àfi bíi bàbá àwọn ọmọ mi." Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí géètì. Inú mi dùn. Mo wo ara mi bí ọlọ́gbọ́n. Nígbà tí ìyàwó mi àti àwọn ọmọ gun kẹ̀kẹ́ ràgàjì náà, èmi àti ìyá wa nìkan ló kù nísàlẹ̀.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, apá mi wúwo." Mo ní, "Màmá, ẹ ti ṣe é tó, kò sẹ́ni tó ń wò wá mọ́." Wọ́n tún fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Mo wo ojú wọn. Ẹ̀gbẹ́ kan ti wọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀. Àbí mi ò mọ̀? Mo máa ń sọ fún ara mi pé mo rò pé eré ni, àmọ́ ta ló ń ṣeré tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀? Nọ́ọ̀sì ọgbà náà ń kọjá lọ. Ó dúró, ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí o? Ṣé ara Màmá yá?" Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ kò ju pé wọn ò rí báyìí láàárọ̀. Àmọ́ mo mọ̀ pé ó máa bi mí ìgbà tí wọ́n rìn kẹ́yìn. Mo rí bí àwọn ará ọgbà náà á ṣe pè mí ní ẹlẹ́tàn lójú àwọn ọmọ mi, ẹ̀rín àbúrò mi sì ń dún létí mi. Mo ní, "Bí wọ́n ṣe máa ń wà nìyẹn, nọ́ọ̀sì. Ẹ ṣeun." Ó lọ. Ìyá wa gbọ́ ohun tí mo sọ. Wọ́n gbé ojú sókè wò mí. Mo fa ìborùn wọn bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó wọ́ yẹn, mo sì juwọ́ sí àwọn ọmọ tó ń ké pè mí lókè.

Nígbà tí àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fẹ́ tún un gùn. Mo ní kí wọ́n tún un gùn. Ìyàwó mi ní, "Màmá ń kọ́?" Mo ní oorun ló gbé wọn. Inú bọ́ọ̀sì, nígbà tá à ń padà, ni mo tó pariwo, "Ẹ wo ojú Màmá!" bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Nílé ìwòsàn, dókítà bi mí pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ìsinsìnyí ni, nínú bọ́ọ̀sì." Ó yìn mí pé mo tètè gbé wọn wá. Ó yìn mí o! Ó wá ní, "Ṣé nǹkan kan bí wọn nínú lónìí ni?" Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó rò ó: "Àbúrò mi obìnrin pariwo mọ́ wọn láàárọ̀."

Bóyá ká ní mo tètè sọ̀rọ̀ ni, ìyá wa ì bá máa rìn. Bóyá bó ṣe máa já sí náà nìyí, bí mo bá tiẹ̀ sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀, mi ò sì rójú bi dókítà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé irọ́ náà dé etí àbúrò mi, ó sì gbà pé ohùn òun ló dá wọn dùbúlẹ̀. Ó ń fi oògùn ránṣẹ́, àmọ́ kì í wọ yàrá ìyá wa. Wọ́n ní kò lè bá ọmọ kíláàsì rẹ̀ wí mọ́, ohùn kì í jáde, ilé ẹ̀kọ́ sì ti ní kó lọ jókòó sílé. Mo gbọ́, mo dákẹ́. Nígbà míì, kí Ọlọ́run foríjì mí, inú mi ń dùn díẹ̀. Nígbà míì, oúnjẹ ò wọlé. Mi ò mọ irú èèyàn tí mo jẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ fún un lójú ẹsẹ̀, kódà kó di ìjà. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ bí èmi ṣe tọ́jú tèmi.

Àbúrò mi, má tíì dá mi lóhùn. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, mi ò mọ èyí tí màá kọ́kọ́ tọrọ. Àmọ́ kì í ṣe ìwọ. Ohùn rẹ kọ́ ló dá ìyá wa dùbúlẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ obìnrin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á yí orí sí ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá rí i pé ìyàwó mi ni, wọ́n á yí i padà. Dìde, wọlé lọ bá wọn. Èmi á dúró síta.