Iṣu Tí Bàbá Mi Kọ̀ Láti Jẹ

Ẹ̀yin ará Manigri, ẹ̀yin tí ẹ ti Bassila àti Pénéssoulou wá, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ará ìjọ wa, ẹ kú orin. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ́sálásí wá, tí ẹ ti jókòó tì wá láti òwúrọ̀, ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Ìyá mi Habibatou ní kí n bá àwọn kí yín.

Èmi ni Fataou, àkọ́bí òkú. Ẹ mọ̀ pé mi ò kàwé. Ọmọ mi obìnrin, Latifa, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, ń kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ sínú ìwé. Ẹ má tíì bi mí ní ìdí rẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ọ.

Ẹni tí a tẹ́ sínú yàrá yìí, Souradjou ni bàbá wọn sọ wọ́n. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi, ìjọ sọ wọ́n ní Jósẹ́fù, ṣùgbọ́n Manigri ò gbà. Souradjou náà ni ẹ ń pè wọ́n títí wọ́n fi kú, wọn ò sì bá yín jà. Ẹ tún wá fún wọn ní orúkọ kẹta. Ṣé ẹ rántí? Bàbá Ọlọ́run-Wà! Bí ẹ bá pàdé wọn lọ́nà, tí ẹ ní, "Bàbá, ẹ kú oko," wọ́n á ní, "Ọlọ́run wà." Bí òjò ò bá rọ̀, "Ọlọ́run wà." Bí ajá bá jí ẹran nínú ìkòkò, "Ọlọ́run wà." Àwa ọmọ wọn máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó kàn mọ́ wọn lẹ́nu ni, bí ẹni tó máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ bí a ṣe ń to iṣu fún àwọn obìnrin tó ń ti Parakou wá rà á. Èyí tó tóbi la máa ń kó síta, èyí tí kòkòrò ti jẹ a máa ń kó o sínú. Mo tò ó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bàbá mi dé, wọ́n tú gbogbo rẹ̀ ká, wọ́n kó èyí tí kòkòrò jẹ síwájú. Mo ní, "Bàbá, ta ló máa wo inú?" Wọ́n ní, "Ọlọ́run wà." Mo ní, "Ṣé Ọlọ́run fẹ́ ra iṣu ni?" Wọ́n fi ọ̀pá lé mi yí ọjà ká. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ ò gbà mí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi báyìí, nítorí bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́.

Ilẹ̀ tó wà létí odò, lọ́nà Bassila, tí gbogbo yín ń pè ní oko Souradjou, kì í ṣe oko Souradjou. Olóògbé Mamadou, bàbá Oumarou tí gbogbo yín mọ̀, ló yá bàbá mi ní ilẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì nìkan ló lọ síbẹ̀. Mamadou ní, "Souradjou, gbin iṣu, gbin àgbàdo. Má gbin igi." Àgbẹ̀ ni yín, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ní ilẹ̀ wa: ẹni tó bá gbin igi ti sọ pé òun ló nilẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni Mamadou kú, Oumarou ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí bàbá mi fi ro ilẹ̀ náà. Wọn ò gbin ìbẹ́pẹ kan síbẹ̀. Kajú tó bá hù fúnra rẹ̀, wọ́n á fà á tu. Bí iṣu tuntun bá sì jáde, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé Oumarou kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fẹnu kàn án.

Èmi ni mo gbin kajú. Ọdún kẹta rèé, nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá mi wú tí wọn ò lè dé oko mọ́. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó yá wọn nílẹ̀ ti kú, kò sí ẹlẹ́rìí. Nígbà tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún mẹ́rì, ilé ìjọba ní Bassila, wá lọ́dún yìí, bàbá mi wà ní ilé ìwòsàn. Mo dúró sábẹ́ kajú mi, mo ní, "Tiwa ni." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì tẹ ìka mọ́ ọn.

Nígbà tí bàbá mi padà sílé láti ilé ìwòsàn, èmi fúnra mi ni mo lọ sọ ọ́ fún wọn. Mo rò pé inú wọn á dùn! Wọn ò sọ pé Ọlọ́run wà. Wọ́n ní, "Fataou, ẹnu tó sọ ọ́ ló máa lọ tún un sọ. Kì í ṣe ẹnu tèmi."

Lọ́jọ́ yẹn ìyá mi gbé iyán wá. Bàbá mi ní, "Iṣu ibo ni?" Ìyá mi ní, "Ti etí odò ni." Wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Wọ́n yá mi nílẹ̀, mo jẹ iṣu rẹ̀. Báyìí a ti jí ilẹ̀ náà. Mi ò jẹ ẹ́ mọ́."

Oṣù márùn-ún. Àgbẹ̀ Manigri, oṣù márùn-ún, láìfi iṣu kan ẹnu! Ẹ̀kọ àgbàdo ni wọ́n ń mu. Ìyá mi á kúnlẹ̀: "Bàbá Fataou, ẹ jẹ díẹ̀, ara yín ò le." Wọ́n á ní, "Habibatou, Ẹni tí mo ń lọ bá máa bi mí." Èmi náà le lórí, ọmọ wọn ni mí. Mo ní ó máa sú wọn. Àwa méjèèjì ń wo ara wa lórí abọ́ lójoojúmọ́, wọ́n sì ń rù sí i níwájú mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Wọ́n ní, "Fataou, ṣé o ti lọ?" Mo ní, "Ọ̀la ni, Bàbá." Wọ́n ní, "Ó dáa." Ọ̀la yẹn ni wọ́n kú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi.

Láàárọ̀ yìí mo gbé ọkọ́ láti lọ gbẹ́ sàréè. Mo bá ẹnì kan níbẹ̀ tó ti gbẹ́ ẹ dé ìbàdí. Oumarou ni. Mo ní, "Oumarou, ilẹ̀ etí odò yẹn..."

Ó ní, "Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Ìyá mi sọ fún mi kí wọ́n tó kú. Mo sì rí kajú rẹ, Fataou, mi ò fọ́jú."

"Kí ló dé tí o ò lọ sí mẹ́rì?"

Ó nu òógùn ojú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá rẹ wà láàyè. Ẹni tó gbà pé Ọlọ́run ń wo òun nínú igbó, kí ni mo tún ń sáré lọ sí Bassila ṣe? Mo mọ̀ pé wọn ò ní jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Wọlé wá gbẹ́ ẹ jàre, oòrùn ti ń mú."

Ẹ gbọ́ o. Mùsùlùmí ni Oumarou. Kò bá bàbá mi jọ́sìn rí. Ṣùgbọ́n ó gba ìgbàgbọ́ bàbá mi gbọ́ ju èmi tí mo ń bá wọn lọ sí ilé ìjọsìn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Èmi ń kọrin rẹ̀, bàbá mi ń fi í roko.

Latifa, kọ èyí dáadáa. Èmi, Fataou, ọmọ Souradjou, mo purọ́. Ilẹ̀ etí odò, ti Oumarou, ọmọ Mamadou, ni. Kajú tó wà lórí rẹ̀, tirẹ̀ ni, kó gé e tàbí kó fi í sílẹ̀. Bí a bá ti sìnkú tán lọ́la, èmi àti òun á jọ gbé ìwé yìí lọ sí Bassila. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí tí mo sọ pé kò sí.

Bàbá, ẹ máa lọ. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín kò ní dùn yín mọ́. Ẹni tí ẹ fi gbogbo ayé yín sọ pé ó wà, ẹ máa lọ rí i. Bó bá bi yín léèrè ilẹ̀ náà, ẹ sọ fún un pé Fataou ti sọ ọ́. Ẹ má fi ìyókù pa mọ́ fún un: Fataou fi ọjọ́ kan pẹ́.

Ó dìgbà, Bàbá. Latifa, gbé tàdáwà yẹn wá, kí n tẹ ìka.