Ẹ Yàgò fún Kíípà Wa

Ẹ̀yin ará Ìsọlọ̀, ẹ̀yin ará Òṣòdì, ẹ kú ìrọ́jú. Ìyá Bólúwatifẹ́, ìyàwó wa, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Èmi ni Tàjùdéèn, bẹ́ẹ̀kì tó ń dúró níwájú Fákúnlé, kíípà wa tí a wá sin lónìí, títí orúnkún mi fi kọ̀ jálẹ̀.

Ṣé ẹ rántí fìlà rẹ̀? Fọ́tò kíípà Sìkọ́tílàǹdì ayé àtijọ́ kan wà lára ògiri ilé kóòṣì wa, ọkùnrin náà dé fìlà, ó wọ súwẹ́tà. Ni ọ̀rẹ́ mi bá ní bí kíípà gidi ṣe ń múra nìyẹn. Oòrùn pápá Ire-Akari ń pa wá lọ, Fákúnlé wọ súwẹ́tà! Mo ní, "Ṣé òtútù ń mú ọ ni?" Ó ní, "Tàjù, wo iwájú rẹ." Alágídí! La bá sọ ọ́ ní Sìkọ́tì.

Àmọ́ bí Sìkọ́tì bá ti pariwo "Ẹ yàgò!", kí gbogbo bẹ́ẹ̀kì yà ni. Bọ́ọ̀lù ti di tirẹ̀ nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́ yìí, ìyàwó rẹ̀ pè mí sẹ́yìn ilé. Ó ní, "Bàbá Nimotallahi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sin orúkọ ojo mọ́ ọkọ mi." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Ẹ mọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá. Lọ́jọ́ tí a bá Òṣòdì du ife, Sìkọ́tì pariwo, a yà, ó jáde. Ó kù díẹ̀ kó kan bọ́ọ̀lù, ló bá fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù yí wọlé. Ife lọ.

Eruku ò jẹ́ kí ẹ rí i, èmi rí i. Sítíráíkà wọn ti ṣubú, orí rẹ̀ wà lábẹ́ bàtà Sìkọ́tì gan-an! Ọ̀rẹ́ mi ní, "Tàjù, a ó rí ife mìíràn gbà. Orí ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?" Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ, pé ẹ ó ní òun ń wá àwáwí. Ó gbé èébú yín mì títí dọjọ́ ikú.

Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ìsmáílà, sítíráíkà Òṣòdì ọjọ́ náà, dìde, ṣí fìlà. Ẹ̀yin èèyàn wa, orí náà rèé! Ó ti pá, àmọ́ kò fọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló jókòó tì í yẹn. Ta ló tún fẹ́ pe Fákúnlé ní ojo?

Sìkọ́tì, ọ̀rẹ́ mi, àárò rẹ á sọ mí. Súwẹ́tà rẹ wà lọ́rùn rẹ, òtútù ọ̀nà ò ní mú ọ. Máa rọra lọ. O ò lè pariwo mọ́, àwa la ó bá ọ pa á. Ìsọlọ̀, Òṣòdì, ẹ bá mi gbé e: Ẹ yàgò! Ẹ yàgò fún kíípà wa, kó kọjá!