Fíìmù Ẹ̀san Tí Mo Wò, àti Ibi Tí Wọ́n Mú Mi Lọ

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn ún sọ, inú sì ń bí mi bí mo ṣe dúró yìí.

Obìnrin tó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ yìí, Fọlákẹ́ ni, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Ọdún kẹfà rèé tó lọ sọ fún ọkọ mi pé oyún tó wà nínú mi kì í ṣe tirẹ̀. Irọ́ ni. Ọkọ mi lé mi jáde nínú òjò, tòun ti oyún. Láti ìgbà náà, n kò bá Fọlákẹ́ sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ Ìsinmi. Màá kúnlẹ̀ bẹ̀ yín lójú gbogbo ìjọ." Mo ní kó máa bọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé tó bá ti kúnlẹ̀ tán, màá dójú tì í, màá sì wọ́ ọ jáde.

Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo jókòó wo fíìmù ẹ̀san kan ti àwọn ará Kòríà. Aládùúgbò mi ló fi í sórí fóònù mi, ó ní yóò tù mí lára. Obìnrin kan ni, àbúrò rẹ̀ parọ́ mọ́ ọn, ó ṣẹ̀wọ̀n, ó jáde, ó ń fi ọ̀bẹ wá àbúrò náà kiri. Mo ní háà, fíìmù mi rèé! Wákàtí méjì gbáko, n kò dìde mu omi. Ìgbà tó wá bá a lórí àtẹ̀gùn, tó na ọ̀bẹ sí i, ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́kún! Àbúrò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú, ó kú, orin bẹ̀rẹ̀, ó parí. Ìranù! Díẹ̀ ló kù kí n la fóònù mọ́lẹ̀.

Mo wọ aṣọ àdúrà, mo tan àbẹ́là mẹ́ta, mo ka sáàmù tí a fi ń bá ọ̀tá jà. Mo ní, "Olúwa, àwọn ará Kòríà kò lè parí rẹ̀. Ìwọ bá mi parí rẹ̀ lára Fọlákẹ́." Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni oorun ti gbé mi lọ.

Mo rí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ó ní, "Dìde, wá wo òpin." Ó kọ́kọ́ mú mi dé ibi tí àwọn olódodo ti ń sinmi. Mo rí ìyá wa níbẹ̀, ara rẹ̀ ń dán, àyè wà lápá ọ̀tún rẹ̀, àyè wà lápá òsì. Ó bi mí pé, "Àbúrò rẹ ńkọ́?" Mo kẹ̀yìn sí i. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé ibi tí mo fẹ́ rí kọ́ nìyí.

Ó ṣílẹ̀kùn irin kan. Yéè! Ooru gbá mi lójú, mo rí àwọn òpùrọ́ tí ahọ́n wọn gùn dé ilẹ̀ tí àwọn fúnra wọn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí wọn kò lè dúró, mo rí àwọn alágbèrè tí wọ́n so mọ́ ibùsùn tó ń jó, mo rí àwọn aninilára tí wọ́n ń ru òkúta tí wọ́n dì lé àwọn òtòṣì lórí láyé, mò ń sáré láàárín wọn, mò ń wo ojú kan tẹ̀ lé òmíràn, mò ń pariwo pé Fọlákẹ́ dà, Fọlákẹ́ dà, títí ohùn mi fi há.

Ọkùnrin náà ní, "Kò sí níbí. Ó ti ronú pìwà dà. A ti nu irọ́ tó pa."

Inú bí mi sí i. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà! Ta ló bi mí kí ẹ tó nù ún?"

Ó mú mi wọ gbọ̀ngàn ńlá kan tó tutù. Àwọn èèyàn jókòó lórí àga, wọ́n dojú kọ ògiri, ojú wọn kò lè pa dé. Lára ògiri náà ni olúkúlùkù ti ń rí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ á nà láti lu ẹni náà, kò ní balẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Àwọn wo nìyí?"

Ó ní, "Àwọn tí ẹlòmíràn ṣẹ̀ ní tòótọ́ ni. Wọ́n ní dandan ni kí àwọn rí ìparí rẹ̀. Kò ní ìparí."

Àga kan ṣófo láàárín wọn. Ìborùn elésè àlùkò tí mo máa ń fi gba àyè sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, òun ni mo rí tí wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀.

"Ta ló gba àyè fún mi níbí?"

"Ìwọ ni. Ó pé ọdún mẹ́fà."

Mo fà á, kò ṣeé fà. Mo figbe ta, mo sá, ni mo bá jí, òógùn bò mí.

Fọlákẹ́, dìde. Irọ́ tí o pa burú, ó ṣì ń dùn mí, n kò ní fi ẹ̀rín bò ó nínú ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mo dárí jì ọ́. Wá jókòó tì mí.

Ẹ̀yin ìjọ, mo mọ àwọn tó gbọ́ pé ìjà yóò wà lónìí, tí wọ́n tètè wá jókòó síwájú. Mo kìlọ̀ fún yín, kí oòrùn tó wọ̀, ẹ lọ bá ẹni tí ẹ ń bá yan odì. Bí mo ṣe ń sá jáde ní gbọ̀ngàn yẹn, wọ́n ṣì ń gbé àga wọlé.