Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Ṣubú Rí

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, nípa bí èèyàn ṣe ń yan kẹ̀kẹ́ tó yẹ fún ìdíje ọ̀nà jíjìn wa yìí, tí a máa ń fi odò wíwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí a ó gun kẹ̀kẹ́, tí a ó sì fi eré sísá parí. Mo jókòó láti kọ ọ́. Mo dìde mu omi, mo padà jókòó, mi ò tíì kọ ọ̀rọ̀ kan. Kì í ṣe pé mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ohun tí mo mọ̀ gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Mi ò lè sọ fún ọmọ ọlọ́mọ mọ́ pé kẹ̀kẹ́ báyìí ni kó gùn, láìkọ́kọ́ sọ nípa kẹ̀kẹ́ tí mo yàn fún àbúrò mi, àti ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo yàn án. Ẹ fi sùúrù kà á. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ ní kí n má wá sí ìpàdé yín mọ́, ẹ jàre.

Gbogbo yín lẹ mọ àbúrò mi tí à ń pè ní Ẹja. Ẹ̀yin tuntun mọ̀ ọ́n sí obìnrin tó máa ń jókòó sórí àga lẹ́bàá ilà ìparí, tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan pàtẹ́wọ́ lórí itan ara rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn ọmọdé ní odò wíwẹ̀ nínú adágún ìwẹ̀ ilé ìwé kan. Bó bá ti kó sínú omi, ibi tí orí rẹ̀ máa ti yọ ni gbogbo wa á máa wá kiri. Ìyá wa a máa sọ pé òun ò mọ̀ bóyá òun bí i ni, àbí òun rí i he nínú àwọ̀n. Kẹ̀kẹ́ ni kò mọ̀. Èmi ni mo mọ kẹ̀kẹ́. Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ lẹ̀ ń pè mí, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi ju oyin lọ. Kò sẹ́ni tó ń ra kẹ̀kẹ́ nínú ẹgbẹ́ wa tí kì í gbé e wá sọ́dọ̀ mi kí n lù ú wò.

Ẹ mọ bí a ṣe ń lù ú. Kábọ́nù tí wọ́n fi ń ṣe kẹ̀kẹ́ ìdíje kì í ṣe irin. Irin tó bá fẹ́ kán á kọ́kọ́ tẹ̀, á ti kìlọ̀ fún ẹni tó gùn ún. Kábọ́nù kì í kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fi ẹ̀yìn ìka lu férémù, ìyẹn egungun ara kẹ̀kẹ́, láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí a ó dẹ etí sí i. Bó bá ń dún kó, kó, kó, ara rẹ̀ dá. Bó bá débì kan tó dún bọ̀, inú ibẹ̀ ti fọ́, bí ọ̀dà tó wà lókè tiẹ̀ ń dán bíi dígí. Èmi ni mo kọ́ ọ̀pọ̀ yín ní èyí.

Mo ní kẹ̀kẹ́ dúdú kan nígbà náà, irú èyí tí èèyàn ń dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, tó ń na ọwọ́ síwájú kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà kọjá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ìyàwó mi ní ká tẹ́ ibùsùn fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fi í ti ògiri gáréèjì, mo ń fi ẹ̀yìn wa mọ́tò wọlé, mo ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo ń ṣàlàyé fún ẹnì kan bó ṣe yẹ kó máa tọ́jú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ? Mo ń kọ́ ẹlòmíràn ní ìtọ́jú kẹ̀kẹ́ nígbà tí mo gbọ́ "pẹ́kẹ́" lẹ́yìn mọ́tò. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ti fi mọ́tò fún kẹ̀kẹ́ mi mọ́ ògiri. Kò ṣubú, kò tiẹ̀ sí àyè tó fẹ́ ṣubú sí. Mo fà á yọ, mo nù ún, ara rẹ̀ ń dán. Mo wá lù ú. Kó, kó, kó. Nígbà tí mo dé abẹ́ ọrùn rẹ̀, níbi tí férémù ti so mọ́ iwájú, ó dún bọ̀. Mo rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbẹ̀, ó rí bí irun orí.

Ẹni tó bá ní làákàyè á fi ayùn rẹ́ ẹ kó má bàa ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ojú tì mí. Ta ló fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ fi mọ́tò ara rẹ̀ fọ́ kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀? Mo wá sítíkà gígùn kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ilà náà. Mi ò sọ fún ìyàwó mi, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sì fẹ́ kẹ̀kẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n òfin ìyàwó mi ò yẹ̀: kẹ̀kẹ́ kan ò ní wọlé bí kẹ̀kẹ́ kan ò bá jáde. Bí mo bá gbé e fún ará ìta, ará ìta á gbé e lọ fún Mẹkáníìkì, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ẹgbẹ́ wa ṣe, kó lù ú wò. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà láyé yìí tí kò ní yẹ ohun tí mo bá fún un wò. Ẹ ti mọ ẹni náà.

Ọdún yẹn gan-an ni Ẹja ní òun fẹ́ bá wa kópa. Mẹkáníìkì ti bá a wá kẹ̀kẹ́ kan tí kò rẹwà púpọ̀, tó ní gíà tó rọrùn fún òkè, tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ kí èèyàn lè nàró díẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ọ̀nà yẹn jìn, òkè ibẹ̀ sì pọ̀. Èyí tó máa jẹ́ kí ẹ̀yìn yín sinmi ni kẹ́ ẹ gùn, kí ẹsẹ̀ yín lè ṣẹ́ kù fún eré." Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo fi ṣe ẹ̀sín. Mo ní, "Ẹja, kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń lọ gba owó ìfẹ̀yìntì nìyẹn. Wá gba tèmi." Ẹnu yà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kẹ̀kẹ́ dúdú? Ẹ̀yin náà ńkọ́?" Mo ní, "Ta ni mo tún ní bí kò ṣe ìwọ?" Omi bọ́ lójú rẹ̀. Omi ò bọ́ lójú tèmi, inú mi ń dùn pé àyè ti ṣí ní gáréèjì.

Kí ó tó gbé e lọ, ó rántí nǹkan kan. Ó ní, "Mẹkáníìkì ní kí n bi yín o. Ó ní ṣé kẹ̀kẹ́ yẹn ti ṣubú rí?" Mo wò ó lójú. Mo ní, "Kò ṣubú rí." Mo tiẹ̀ fi orúkọ bàbá wa búra. Òótọ́ ni mo sọ, kẹ̀kẹ́ ò ṣubú. Mo mọ̀ pé ohun tó ń béèrè kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó lò ló fún mi lọ́nà àbáyọ, mo sì gba ibẹ̀ jáde. Mo fi òótọ́ pa irọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà lọ́jà, èmi náà ni mo wọ́ orí ọmọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó wá sílé wa lọ́sàn-án. Ó fi ìka lu férémù lójú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ o. Níbí ń dún kó. Abẹ́ sítíkà yìí ń dún bọ̀. Kí ló dé?" Mo ní, "Ibẹ̀ ni kábọ́nù ti nípọn jù, ìdí ẹ̀ nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú, mo ti fẹ́ di Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ kékeré." Láti ọjọ́ náà ni ìbẹ̀rù ti bá mi gbélé. Bí fóònù bá dún, mo máa wo orúkọ ẹni tó ń pè. Bó bá jẹ́ òun ló pè, mo máa kọ́kọ́ tẹ́tí bóyá ẹkún ni mo máa gbọ́. Mo ra kẹ̀kẹ́ tuntun, mi ò gbádùn rẹ̀. Mo ń sọ fún un pé, "Máa rọra ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ o," ó ń dúpẹ́ pé mo fẹ́ràn òun. Mo wá ń tan ara mi jẹ pé ó ti gùn ún lọ síbí, ó ti gùn ún lọ sọ́hùn-ún, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, Mẹkáníìkì ń lọ láti kẹ̀kẹ́ dé kẹ̀kẹ́ níbi tí a kó wọn sí, ó ń lù wọ́n wò lófẹ̀ẹ́ fún gbogbo wa. Mo rí i tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ kẹ̀kẹ́ dúdú. Mo dúró síwájú rẹ̀. Mo ní, "Mo ti yẹ èyí wò." Ó ní, "Ọ̀gá, kò ní pẹ́ rárá, ẹ jẹ́ kí n kàn..." Mo jágbe mọ́ ọn pé, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ ni?" Ó tọrọ àforíjì, ó kọjá. Ẹja di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọwọ́ yín tutù. Ṣé odò ló ń bà yín lẹ́rù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Òun ló ṣáájú gbogbo obìnrin jáde nínú omi. Orí òkè gíga kan lójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni mo tó rí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sún mọ́ mi débi pé á gbọ́ bí mo bá pariwo. Ó ń ṣe dáadáa, ó ń gun òkè náà bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kan láti mu omi, mo wá rí abẹ́ ọrùn kẹ̀kẹ́. Sítíkà yẹn ti ká jọ. Bó bá ti tẹ ẹsẹ̀, ilà tó wà lábẹ́ rẹ̀ á là díẹ̀, á sì tún padé. Iwájú rẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni títí dé ìsàlẹ̀. Mo la ẹnu mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo la ẹnu, orúkọ rẹ̀ ti dé orí ahọ́n mi. Mo rò ó pé bí mo bá pè é, á dúró. Bó bá dúró, á béèrè ìdí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo pa ẹnu mi dé. Ó dojú bolẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú bí mo ṣe kọ́ ọ, ó sì sọ̀.

Mi ò rí i nígbà tó kán. Mo gbọ́ ọ. Nígbà tí mo yí kọ́nà, Ẹja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, apá òsì rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́nà tí apá kì í gbà wà. Kẹ̀kẹ́ ti di méjì. Mo sọ kẹ̀kẹ́ tèmi sílẹ̀, mo sáré. Ọ̀dọ̀ kẹ̀kẹ́ dúdú ni mo sáré lọ. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ń fi èékánná ya sítíkà yẹn kúrò, mo ń kì í bọ inú aṣọ mi. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi, ó rọra ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ẹ wá dì mí mú." Ohun tó burú jù tí mo ṣe láyé mi nìyẹn. Ẹ sì ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, torí ó ti di àwàdà láàárín wa. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́, pé ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ débi pé kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ lọ bá kẹ́dùn. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń bá yín rẹ́rìn-ín.

Itan rẹ̀ tó kán lọ́jọ́ náà jinná. Apá rẹ̀ ò gòkè mọ́. Kò lè wẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa fi ọmọ rẹ̀ sínú omi lọ́wọ́ olùkọ́ tí kò lè fà á yọ, nítorí náà iṣẹ́ bọ́. Lórí ibùsùn nílé ìwòsàn, ó ní, "Èmi ni mo tẹ bíréèkì jù. Mo ba kẹ̀kẹ́ yín jẹ́, ẹ má bínú." Mo ní, "Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ." Mo dárí jì í. Ẹ bá mi wo ìwà, èmi ni mo dárí jì í! Mo fi ayùn rẹ́ férémù náà wẹ́wẹ́, mo ní kó má bàa máa rí i ni.

Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi. Ó fẹ́ kópa lọ́dún yìí. Ó ní, "Màmá mi ní ọ̀dọ̀ yín ni kí n wá, pé èyí tẹ́ ẹ bá ní kí n gùn ni kí n gùn." Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọdé, ẹ gbọ́ ìyànjú tí ẹ ní kí n kọ. Ẹ má yan kẹ̀kẹ́ nítorí pé ó fúyẹ́ tàbí pé ó rẹwà lójú àwùjọ. Èyí tó bá ara yín mu ni kẹ́ ẹ yàn, kẹ́ ẹ gùn ún pẹ́ kẹ́ ẹ tó gbà á, kẹ́ ẹ sì tún sáré lẹ́yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ mọ bí ẹsẹ̀ yín ṣe rí. Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ má kàn béèrè bóyá ó ṣubú rí. Ẹ béèrè ohun tó ti ṣe é. Ẹ lù ú fúnra yín. Bí ẹni tó fún yín bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín, ẹ ṣáà lù ú.

Kí n tó fi èyí ránṣẹ́, mo lọ sílé Ẹja lánàá. Ó ń fi ọwọ́ kan ká aṣọ lórí tábìlì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó." Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Kò sọkún. Ó gbé aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Nígbà tí ẹ wà lẹ́yìn mi lórí òkè, ẹ rí i?" Mo ní mo rí i. Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, mo ní kó forí jì mí. Ó mú aṣọ náà, ó ká a tán, ó tò ó sórí ìyókù.

Ó wá ní, "O rí i. O ò sì pè mí. Dìde, máa lọ sílé rẹ."

Láti ìgbà tó ti mọ̀rọ̀ọ́ sọ, àbúrò mi ò fi "o" bá mi sọ̀rọ̀ rí. Mo dìde, mo sì lọ.